Kókó Méje Lára Òwú Dúdú

Ọjọ́ kejìlá tí Alágbàfọ̀ rán òwú dúdú mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ àbúrò rẹ̀ ni omi já lára àbúrò náà, lójú rẹ̀ kòrókòró, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lọ́sàn-án gangan tí òjìji ènìyàn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀.

Tín-ín-rín ni gbogbo ẹbí ń pe àbúrò yìí láti kékeré, torí pé egungun rẹ̀ máa ń ṣíwájú ẹran dé ibikíbi. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó fara ti káńtà, ó ń ròyìn bí ọmọ ṣe ń fẹsẹ̀ kan òun nínú bí àlejò tí òjò lé débi ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ó jọ pé mo ti tọ̀ sílẹ̀."

Alágbàfọ̀ wo ilẹ̀. Omi náà mọ́ gaara. Ó ń ṣàn bọ̀ láti ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wọ inú bàtà, ó kún un, ó sì tún ń bọ̀. Kò rùn bí ìtọ̀. Òórùn rẹ̀ rọra dùn, bíi ti aṣọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sómi.

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Alágbàfọ̀ gbàgbé láti gbé e. Nígbà tí èéfín fi máa rú, kò wo èéfín. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà nídìí Tín-ín-rín ló ń wò, aṣọ tó ti tutù láti ìbàdí dé ìṣẹ́tí.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyẹn?" Tín-ín-rín bi í. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nǹkan burúkú ni?"

*

Kí ẹ má baà rò pé wọ́n bí ìkà mọ́ obìnrin yìí ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìyá wọn kú. Tín-ín-rín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò pọ̀n lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Tín-ín-rín ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ìgbà tí Alágbàfọ̀ dàgbà tó lọ́kọ, ó fi ọdún mẹ́wàá wá ọmọ, ọmọ ò wá. Lọ́jọ́ Sunday kan, ọkọ rẹ̀ kó ẹrù. Kò bú u, kò nà án. Aṣọ tí ìyàwó fúnra rẹ̀ fọ̀ tó lọ̀ tó sì ká dáadáa ni ọkùnrin náà tò sínú àpótí, ló bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni Tín-ín-rín fẹ́ Káfíńtà. Kò tó oṣù mẹ́rin, oyún dé.

Inú Alágbàfọ̀ dùn. Òótọ́ ni mo sọ. Ó fi ojú kan yọ̀, ó fi ojú kejì sunkún. Àwọn tó ń kí i ló pa á lára. "Ẹ kú oríire àbúrò yín o! Tiyín náà ń bọ̀ lọ́nà." Wọ́n á kó aṣọ kalẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á lọ. Àdúrà yẹn ń gún un bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ìyá Olówùú ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ti máa ń ra bọ́tìnnì tó bá já lára aṣọ àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan ó ń ṣa bọ́tìnnì funfun lọ́wọ́, obìnrin náà ò gbójú sókè, ó ní:

"Ẹnu ọ̀nà kan ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ gbà. Èyí tó kéré ti dí i mọ́ èyí tó dàgbà."

Bọ́tìnnì bọ́ lọ́wọ́ Alágbàfọ̀. Kò tíì sọ fún un rí pé òun ní àbúrò.

Yàrá ẹ̀yìn ṣókùnkùn, òwú kún inú rẹ̀ dé àjà. Ìyá Olówùú fa òwú dúdú kan yọ, ó gùn tó apá. "Kókó méje ni kí o ta sí i. Bí o bá ti ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, pe orúkọ tí ìyá yín sọ àbúrò rẹ. Á dúró díẹ̀, kí ìwọ náà lè ráyè kọjá."

"Ṣé kò ní pa ọmọ lára?"

"Ṣé mo pè é ní ikú fún ọ ni? Òwú ni mo pè é."

Ẹni tó bá fẹ́ gba irọ́ gbọ́ kì í béèrè ìbéèrè kejì. Lọ́jọ́ tí Tín-ín-rín kó aṣọ wá fọ̀, Alágbàfọ̀ tú ìṣẹ́tí aṣọ aláwọ̀ ewé, ó tẹ́ òwú oníkókó méje náà sínú rẹ̀, ó rán an padà. Abẹ́rẹ́ gún un nígbà mẹ́ta. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìṣẹ́tí náà fi tẹ́jú bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

*

Dókítà tó rí sí Tín-ín-rín jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ti fi irin tó mọ́ tónítóní yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti rí omi tó dárogún sínú. Ó ti fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú yí ikùn rẹ̀ ká. Ó wá fa àga, ó jókòó. Nígbà tí Alágbàfọ̀ rí i pé ó jókòó, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kéré.

"Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa," Dókítà ní. "Ṣùgbọ́n àpò omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀ ti ya. Omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Káfíńtà, ọkùnrin gíga kan tí lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lórí irun rẹ̀, ní, "Ẹ bá wa dá omi náà padà, mà."

"Inú àpò tó ti ya ni màá dà á sí?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́; ó rọra sọ ọ́ ni. "Ogún ọ̀sẹ̀ ni oyún yìí. Ọmọ tí kò bá tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, tàbí kó sún mọ́ ọn gan-an, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lè gbé èémí. Bí ẹ bá bí i lónìí, kò sí ẹ̀rọ tí mo fẹ́ gbé e sí. Omi tó lọ yẹn náà ló sì ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ láti dàgbà."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ̀yin lẹ sì máa yàn. A lè lo oògùn kí ilé ọmọ tú u sílẹ̀ báyìí, kí kòkòrò àrùn tó wọlé. Tàbí kí a dúró. A ó máa fún ìyá ní oògùn tó ń pa kòkòrò, a ó máa wọn ìgbóná ara rẹ̀, a ó máa wo àwọ̀ omi tó ń jáde. Àwọn kan máa ń dúró, wọ́n á sì gúnlẹ̀. Àwọn tí kì í gúnlẹ̀ ló pọ̀ jù, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí ibà bá wá dé, tàbí tí omi náà bá ń rùn, ìdúró tán nìyẹn. Ìyá la máa gbà là."

Tín-ín-rín gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ó ṣì ń rìn," ó ní. "Mi ò lè ní kí ẹni tó ń rìn máa lọ. Màá dúró dè é."

"Kò burú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, gbogbo yín." Dókítà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ojú ara rẹ̀. Ọwọ́ ni o, oògùn ni o, ewé ni o. Èmi alára ò ní tọwọ́ bọ ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé."

"Kí ló fà á, Dókítà?" Alágbàfọ̀ ló bi í.

"Nígbà míì kòkòrò ló ti jẹ àpò náà láti inú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà míì a ò mọ ohun tó fà á rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì ká aṣọ tútù náà sínú ọ̀rá, ó nà án sí Alágbàfọ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń fọṣọ, àbí? Ẹ bá wọn fọ̀ ọ́."

*

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Alágbàfọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó fi abẹ tú ìṣẹ́tí náà, ó fa òwú dúdú jáde, ó sì kà á.

Mẹ́fà.

Ó tún un kà. Mẹ́fà náà ni. Kókó tí òun fi eyín fà le, tí abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀! Ibi tí ìkeje wà rí tẹ́jú, ó ń dán, bíi pé ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan síbẹ̀ rí.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Obìnrin náà ń ká òwú mọ́ igi lọ́wọ́.

"Ìyá, ṣé kí n tú èyí tó kù ni?"

"Bí o bá tú u, ohun tó dì mú á bọ́."

"Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀?"

"Bí o bá fi í sílẹ̀, ohun tó dì mú ò ní ráyè mí."

"Èwo wá ni kí n ṣe? Ẹ̀yin lẹ fún mi!"

Ọwọ́ Ìyá Olówùú dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Alágbàfọ̀ rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀, ẹ̀rù yẹn ló sì ba òun náà ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Ẹlòmíì wà tó ń fà á láti òdì kejì," obìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọwọ́ rẹ̀ le. Máa lọ. Má gbé òwú yẹn wá síbí mọ́."

*

Ẹni tó ń fà á láti òdì kejì, kò pẹ́ tí Alágbàfọ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Káfíńtà, ìyá ọkọ Tín-ín-rín, fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹni tó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé òun ló bí i. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Alágbàfọ̀, ọmọ mi, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Mo ti lọ bá Baba Onígò lánàá, bí ìròyìn ṣe dé etí mi."

Gbogbo ènìyàn gbọ́ orúkọ Baba Onígò. Inú ìgò ló ń tọ́jú gbogbo oògùn rẹ̀, wọ́n ní ó tún ń tọ́jú ohùn àwọn kan síbẹ̀.

"Ó ní wọ́n so ọmọ náà ni. Ó ní òwú ni wọ́n fi so ó, ẹni tó sún mọ́ wa ló sì so ó. Ó ti ń tú u láti ilé rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ku kókó kan ṣoṣo, ó máa fún mi ní nǹkan tí a máa fi sí ojú ara ìyàwó mi lọ́sàn-án gangan. Omi á padà. Ẹni tó so ó," ó di apá Alágbàfọ̀ mú gírígírí, "kò ní rí ọjọ́ kẹta. Wàá bá mi ṣọ́ nọ́ọ̀sì. Àbí? Ìwọ nìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú."

Alágbàfọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ó yé e wàyí. Òun so, Baba Onígò ń tú. Ọmọ inú àbúrò òun ló wà láàárín.

*

Kókó di márùn-ún. Ó di mẹ́rin.

Inú agolo búlúù tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ funfun ni Alágbàfọ̀ fi òwú náà sí, ó gbé ọṣẹ lé e lórí. Lárààárọ̀ ló ń ṣí i wò. Lọ́jọ́ kan ọmọńlé kan já bọ́ láti àjà sórí tábìlì tó ti ń lọṣọ, ó ti kú kó tó délẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, lọ́sàn-án, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ tí wọ́n pè é láàárín àwọn aṣọ funfun: "Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn Tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tòní. Ohùn ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Ó bu ahọ́n jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kò sẹ́nì kankan láàárín aṣọ.

Nínú wọ́ọ̀dù, Tín-ín-rín ti sọ ìdúró di iṣẹ́. Wọ́n ní kó sinmi, ó ń sinmi bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ní àárọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó dé, á ti yọ páàdì rẹ̀, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ́, àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́."

"Mo gba máàkì lónìí náà nìyẹn." Á rẹ́rìn-ín. "Èmi Tín-ín-rín, tí wọ́n ní kí n máa jẹun kí n máa sùn! Màá kúrò níbí pẹ̀lú ìdí bí ìkòkò. Káfíńtà á ní kí wọ́n dá ìyàwó òun padà, pé kì í ṣe èyí lòun gbé wá."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ikùn. Ikùn náà ti lẹ̀. Alágbàfọ̀ á dúró, á dúró, títí nǹkan kékeré kan á fi sún lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìka ọmọdé lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ó dà bíi pé àyè ti há mọ́ ọn," Tín-ín-rín á ní. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́n. Ó mọ̀ pé ẹ̀yin nìyẹn."

Ó ti kọ iye ọ̀sẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú pẹ́ńsùlù ọkọ rẹ̀. Ó ti fa ìlà lé ogún. Lọ́jọ́ keje, ó fa ìlà lé ọ̀kànlélógún, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ni Alágbàfọ̀ ṣí agolo, tó rí kókó kan ṣoṣo.

*

Ọjọ́ kẹjọ, ọ̀sán gangan, Ìyá Káfíńtà dé pẹ̀lú nǹkan kan tó fi aṣọ dì mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì ti lọ jẹun. Káfíńtà wà níbi iṣẹ́. Obìnrin méjì mìíràn tó wà ní wọ́ọ̀dù ti sùn. Alágbàfọ̀ dìde, ó dúró sẹ́nu ìkélé tó yí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ ká.

"Ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi," Ìyá Káfíńtà ní.

"Ìyá, Dókítà ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó lè pa á."

"Dókítà mọ àrùn. Kò mọ ayé. Yà fún mi, ọmọ mi."

"Mi ò ní yà."

Obìnrin náà wò ó. Ìyàlẹ́nu kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà nǹkan mìíràn yọ lẹ́yìn ìyàlẹ́nu. "Kí lo ń bẹ̀rù? Àbí ọjọ́ kẹta lò ń bẹ̀rù?"

Òótọ́ ni pé Alágbàfọ̀ bẹ̀rù ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá ní òun ò bẹ̀rù ikú, ikú ò tíì pè é lórúkọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó rí nígbà náà ni ọwọ́ Dókítà tó ní òun alára ò ní tì í bọ ibẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n á fi í sí i. Bí òun bá kàn jiyàn lásán, wọ́n á pe ẹlòmíì wá ṣọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó lè dá obìnrin yìí dúró.

"Òwú náà ò sí níbẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni mo so ó."

Ó fa òwú náà, tó ti mú kúrò nínú agolo láàárọ̀ yẹn, yọ nínú àyà aṣọ rẹ̀, ó nà án síwájú. Òwú náà rọ̀ wálẹ̀ tààrà, ó tẹ́jú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kò sí kókó kankan lára rẹ̀.

Nǹkan tó wà lọ́wọ́ Ìyá Káfíńtà bọ́, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn kíkan gba gbogbo ibẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ìkélé, ohùn Tín-ín-rín wá, ó rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

Alágbàfọ̀ ṣí ìkélé. Àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Òtútù ń mú mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù yìí pọ̀."

*

Ibà ni. Nọ́ọ̀sì wọn ìgbóná ara rẹ̀, kò sọ iye rẹ̀ jáde, ó sáré. Páàdì tó yọ lọ́sàn-án yẹn ò mọ́ mọ́. Dókítà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, Tín-ín-rín ké.

"Kòkòrò ti wọ ilé ọmọ," Dókítà ní. Kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí. "A ò lè dúró mọ́."

"Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù," Tín-ín-rín ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ ò ní lo ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó. Bí a bá dúró, ẹ̀yin méjèèjì ló máa lọ." Omi wà lójú òun náà. Ó ti gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ kí wọ́n má baà rí i.

Wọ́n sáré pe Káfíńtà. Wọ́n fún Tín-ín-rín ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Alágbàfọ̀ fẹ́ wọlé tẹ̀lé e, bó ṣe ń tẹ̀lé e lọ síbi gbogbo láti ọjọ́ tó ti mọ ìrìn. Tín-ín-rín yí ojú sí ògiri.

"Kí wọ́n dúró síta," ó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń rọbí. Ó gbọ́ tó ń pe ìyá wọn, ìyá tí kò mọ̀ rárá. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́ sójú fèrèsé. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó tẹ́tí sí igbe ọmọ. Igbe ò wá.

Ọmọbìnrin ni. Wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, wọ́n fi aṣọ gbígbóná bò ó. Àyà rẹ̀ lọ sókè sódò bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Káfíńtà sì fi ìka kan ṣoṣo bo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ìka kan yẹn ti tó ẹ̀yìn náà. Lẹ́yìn náà ó sinmi.

Nọ́ọ̀sì ló jáde wá sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò mọ ohunkóhun nípa òwú. Ó rí obìnrin tó ń sunkún, ó sì fẹ́ fi nǹkan rere tù ú nínú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ náà rẹwà. Ó jọ yín gan-an. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn bíi tiyín."

*

Dókítà bá Alágbàfọ̀ ní ẹnu géètì lọ́jọ́ kejì.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nínú wọ́ọ̀dù. Òwú ò lè ya àpò omi, mà. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò bínú sí."

Alágbàfọ̀ fẹ́ gbà á gbọ́. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí òwú bá lágbára, òun ti pa ọmọ; bí kò bá lágbára, òun ṣì ni ẹni tó jókòó rán an. Kò rí ibi tó máa fẹ̀yìn tì nínú méjèèjì.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú kọjá. Obìnrin náà wà níbẹ̀, ó ń ta òwú fún aránṣọ kan. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ rà, mà? Bọ́tìnnì ni àbí òwú?"

Bíi pé wọn ò rí ara wọn rí.

Alágbàfọ̀ lọ sílé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó dùbúlẹ̀ de ikú tí Baba Onígò ṣèlérí. Òótọ́ ni pé ó dè é. Ó ti fọ aṣọ gbogbo oníbàárà, ó ti lọ̀ wọ́n, ó kọ orúkọ oníkálukú sí i kí ẹnikẹ́ni má baà wá tirẹ̀ tì. Ọjọ́ kìíní kọjá. Ìkejì kọjá. Ìkẹta pé, ó bọ̀, ó lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ òógùn yọ sí i níwájú orí, ebi sì ń pa á. Ikú ò wá.

Káfíńtà ló wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé, kò wò ó lójú. Lẹ́búlẹ́bú igi ò sí lórí rẹ̀ mọ́.

"Ó ní kí ẹ wá."

Ní yàrá Tín-ín-rín, fèrèsé wà ní títì. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ ti balẹ̀ kúrò nínú ibà, ó tún ti rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iwájú aṣọ rẹ̀ tutù ní ojú méjèèjì. Ọmú rẹ̀ ti le, ó ń dán, wàrà ń kán jáde.

Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmú pé ọmọ ti lọ.

"Ó ń dùn mí," ó ní. "Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi."

Alágbàfọ̀ bu omi tútù sínú abọ́, ó rẹ aṣọ inura méjì, ó fún wọn, ó gbé wọn lé e láyà. Nígbà tí wọ́n bá gbóná, á tún rẹ wọ́n. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Tín-ín-rín di ojú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ sí ọrùn, ó ń dàpọ̀ mọ́ omi aṣọ.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹ̀yìn ó bi í, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì: "Nígbà tí ẹ ń rán an, kí lẹ ń rò?"

"Ara mi," Alágbàfọ̀ ní. "Ara mi nìkan."

Tín-ín-rín mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Kò bínú jáde, kò ṣépè. Alágbàfọ̀ ìbá fẹ́ kó ṣépè.

Ó wọ aṣọ gbígbẹ fún un. Ó so ó lẹ́yìn, kò fún un le. Ó da omi abọ́ nù, ó nu ilẹ̀, ó kó aṣọ tútù jọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, bóyá àbúrò rẹ̀ á pè é.

"Ẹ ṣé, mà," Tín-ín-rín ní, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.